Akọ̀ròyìn oníwàdìí lórí tẹlifíṣàn: kí ni iṣẹ́ náà gan-an, yàtọ̀ sí kámẹ́rà inú bọ́tìnì?

Adékọ́yà_Ògbà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ń jẹ yọ ṣáá lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ìròyìn, mo ní kí n gbé e wá síbí. Ọ̀pọ̀ wọn ti wo iṣẹ́ tí akọ̀ròyìn Kiki Mordi ṣe fún BBC Africa Eye ní oṣù Kẹwàá 2019, lórí àwọn olùkọ́ Unilag àti ti Yunifásítì Gánà tó ń fi máàkì àti ìwọlé sí yunifásítì dẹ ọmọbìnrin. Wọ́n rí fídíò bòńkẹ́lẹ́, wọ́n rí ojú olùkọ́, wọ́n gbọ́ pé fíìmù náà wọ ìdíje International Emmy lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ohun tó ṣáájú gbogbo ìyẹn ni wọn ò rí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí tinú tòde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tò ó: ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ni ìgbésẹ̀ rẹ̀, kí ló sì máa ń dà á rú?

Àjíkẹ́_Olóòtú
Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ìwé niṣẹ́ yìí. Kámẹ́rà bòńkẹ́lẹ́ ló ń gbẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dáa jù lọ kò sì lò ó rárá.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ẹnì kan á ta yín lólobó pé owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé-ìwòsàn kan ti gba ibòmíì lọ. Olobó kì í ṣe ìròyìn. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo tí ẹ̀rí lè gbè tàbí kí ẹ̀rí já: "Iléeṣẹ́ lágbájá gba iye báyìí, lọ́jọ́ báyìí, fún iṣẹ́ báyìí, kò sì ṣe é." Bí gbólóhùn yẹn ò bá tíì ṣeé kọ, kò tíì sí iṣẹ́ nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìwé. Ìwé ìṣúná á sọ orúkọ iṣẹ́ náà àti iye owó rẹ̀. Open Treasury Portal tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní oṣù Kejìlá 2019 ló yẹ kó fi owó tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ń san lójoojúmọ́ hàn, láti 5 mílíọ̀nù náírà sókè. Ojú òpó yẹn kì í fìgbà gbogbo ṣí, torí náà ohun tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ lónìí, ẹ ya àwòrán rẹ̀ lónìí, pẹ̀lú àdírẹ́sì ojú ewé àti aago. Ẹ tún lọ sí ọ̀dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀: wíwá orúkọ iléeṣẹ́ lórí ìkànnì wọn á fún yín ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ (RC) àti ọjọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Iléeṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó gba iṣẹ́ ńlá, ó ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Láti 2023, ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó ń fi ẹni tó ni iléeṣẹ́ gan-an hàn ti wà lọ́dọ̀ CAC kan náà, ẹ má fo ó.

Gbogbo rẹ̀ á wọ inú tábìlì kan tó ní òpó márùn-ún: ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rí, ibi tí ẹ̀rí wà, ẹni kejì tó jẹ́rìí sí i. Òpó karùn-ún ló máa ń ṣófo, òun sì ni lọ́yà máa ń kọ́kọ́ wò.

Lọ́yà_Abẹ́òkúta
Àǹtí Àjíkẹ́ ti là á. Ẹ jẹ́ kí n fi òfin FOI kún un, ìyẹn òfin tó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba, torí ọ̀pọ̀ ń kọ lẹ́tà náà bí ẹni ń tọrọ àánú. Òfin 2011 ni. Ẹ ò ní láti sọ ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ ìwé náà. Iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Wọ́n lè fi ọjọ́ 7 míì kún un bí ìwé náà bá pọ̀ tàbí tí wọ́n ní láti bá ẹlòmíì sọ ọ́. Tí wọ́n bá dákẹ́, òfin kà á sí pé wọ́n ti kọ̀, ẹ sì ní ọjọ́ 30 láti gbé e lọ sílé ẹjọ́. Owó ìtanràn fún ẹni tó kọ̀ lọ́nà àìtọ́ jẹ́ 500,000 náírà. Owó tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ yín kò ju ti ṣíṣe ẹ̀dà ìwé àti dídà á kọ níbi tó bá pọn dandan lọ.

Àwọn ìpínlẹ̀ ti pẹ́ tí wọ́n ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ kò kàn wọ́n. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti parí ìyẹn ní oṣù Kẹrin 2025: ó kan gbogbo wọn, títí dé ìjọba ìbílẹ̀.

Ohun tó ń ba lẹ́tà FOI jẹ́ ni kí ó fẹ̀ jù. "Gbogbo ìwé tó jẹ mọ́ ọ̀nà" á padà sọ́wọ́ yín lófìfo. Ẹ béèrè ìwé àdéhùn, ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ parí, àti ìwé owó sísan, fún iṣẹ́ kan, láàárín ọjọ́ méjì tẹ́ ẹ dárúkọ. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tiyín, kí ẹni tó gbà á kọ ọjọ́ sí i. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, ó máa ṣòro láti fi hàn ìgbà tí ọjọ́ 7 bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Ẹ̀kọ́
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, tẹlifíṣàn là ń sọ, kì í ṣe ìwé ìròyìn. Ta ló máa jókòó wo bébà fún ìdajì wákàtí? Akọ̀ròyìn Fisayo Soyombo pa ara dà, ó lo ọjọ́ márùn-ún ní àtìmọ́lé ọlọ́pàá àti ọjọ́ mẹ́jọ nínú ẹ̀wọ̀n Ìkòyí ní 2019. Ká ní lẹ́tà ló kọ sí wọn, ṣé wọ́n á sọ iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n fún un?

Àjíkẹ́_Olóòtú
Àbúrò, ibi tó dùn nínú àpẹẹrẹ yín gan-an nìyẹn: kò sí ìwé kankan tó lè fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àtìmọ́lé hàn. Ìdí tí ìpàrada fi tọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Níbi tí ìwé bá wà, tí ẹ wá lọ pa ara dà, ẹ ti fi ara yín wewu lásán, ẹ sì ti fún ẹni tẹ́ ẹ mú ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀: pé ẹ̀tàn lẹ fi mú òun.

Bàbá_Kẹ́hìndé_Peckham
Àjíkẹ́ ọmọ mi, o káre. Lọ́dọ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, òfin Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣàn, béèrè ohun mẹ́ta kí wọ́n tó gba fídíò bòńkẹ́lẹ́ láyè: kí ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan ará ìlú, kí ìdí gúnmọ́ wà láti gbà pé ẹ máa rí ẹ̀rí sí i, kí fídíò náà sì ṣe pàtàkì kí ìròyìn tó lè dúró. BBC tún ní ìgbésẹ̀ méjì: wọ́n á fọwọ́ sí i kí ẹ tó lọ ya á, wọ́n á tún fọwọ́ sí i lọ́tọ̀ kí ẹ tó gbé e sáfẹ́fẹ́. Ẹ lè ya á tán kí wọ́n má sì jẹ́ kó jáde. Wọn kì í gbà kí ẹ lọ máa fi àwọ̀n wọ́ odò bóyá ẹja á wà níbẹ̀. Àwọn tó ń bá ilé ńlá ṣiṣẹ́ láti Èkó tàbí Ìbàdàn, ìlànà yìí ló máa kàn wọ́n, ó sì yẹ kí tẹlifíṣàn tiwa náà kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n máa tẹ̀ lé e.

Túndé_Kámẹ́rà
Ẹ kú àlàyé, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti irinṣẹ́.

Kámẹ́rà bọ́tìnì: kí aṣọ náà le, kó ní ọ̀wọ́ bọ́tìnì, kí gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ sì jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú èyí tí lẹ́ńsì wà nínú rẹ̀. Agbádá kò wúlò, ó ń jó bí èèyàn bá ń rìn. Ohun tó ń já ọ̀pọ̀ kulẹ̀ ni ìjókòó. Bí èèyàn bá dúró, àwòrán á tọ́. Kó wá jókòó, aṣọ á ká jọ láyà, lẹ́ńsì á gbójú sókè, ogójì ìṣẹ́jú tí ẹ bá gbé délé á jẹ́ fáànù òrùlé. Bí tábìlì bá sì ga, etí tábìlì àti ife tíì lẹ máa rí. Ẹ fi téèpù di wáyà mọ́ inú aṣọ, kí ẹni náà jókòó sórí àga kúkúrú, àga gíga àti sófà nílé, kí ẹ wo fídíò rẹ̀, kó tó jáde rárá.

Bátìrì ọ̀pọ̀ wọn kì í pé wákàtí méjì. Bó bá kú, aago inú rẹ̀ á padà sí ọjọ́ àtijọ́, fídíò á wá máa sọ pé 2000 la yà á. Ẹ tún aago ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ tàn án kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ sọ ọjọ́, aago àti ibi tó wà sókè, kó má pa á títí yóò fi jáde. Fídíò tó bá já láàárín, agbẹjọ́rò òdìkejì á ní ibi tó já yẹn ni òtítọ́ wà.

Ohùn ṣe pàtàkì ju àwòrán lọ. Máìkì inú bọ́tìnì ń gbọ́ aṣọ tó ń họra. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgbohùn kejì sápò, kódà kó jẹ́ fóònù, àmọ́ kí ẹ fi sí airplane mode tí ìpè kì í wọlé, torí bí ẹnikẹ́ni bá pè, ó lè dá ìgbohùn dúró.

Fún kámẹ́rà ojú gbangba: iná wa jẹ́ 50 Hz, torí náà fréèmù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, shutter (ìwọ̀n àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún fréèmù kọ̀ọ̀kan) 1/50. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ tí kò dúró sójú kan, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú nínú fídíò. Ẹ dúró, ẹ tún shutter rẹ̀ wá, tàbí kí ẹ lo ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Fídíò tó ń gba 50 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan á jẹ tó 22 gígábáìtì ní wákàtí kan. Ẹ̀dà mẹ́ta, lórí ohun ìpamọ́ oríṣi méjì, kí ọ̀kan má sí nínú ilé kan náà. Káàdì kò gbọ́dọ̀ ṣófo kí ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣí láìsí wàhálà.

Adétutù_Àtúnṣe
Ẹ kú iṣẹ́, bùọ̀dá Túndé. Lọ́dọ̀ tiwa tá a ń to fídíò, ohun tó ń kó wa láyà sókè ni ojú ẹni tó sọ̀rọ̀. Púpọ̀ rò pé kí a fi ojú sínú òkùnkùn, kí fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti parí. Kò parí. Kámẹ́rà òde òní ń kó ohun tó wà nínú òkùnkùn pamọ́. Ẹni tó bá gba fáìlì náà lè gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè kí ojú yọ. Àwọn àpótí wẹ́wẹ́ tí a fi ń bo ojú náà, bí wọ́n bá kéré ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀rọ lè méfò ohun tó wà lábẹ́ wọn. Ẹ ya àtẹ́lẹwọ́ tàbí ẹ̀yìn orí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ojú má tilẹ̀ wọ inú káàdì.

Kí ẹ tún wo òrùka, aago ọwọ́, ilà, bàtà, aṣọ ẹbí tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Kí ẹ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn: kọ́ńdọ́ tó ń pe orúkọ ibùdókọ̀, oníkiri tó ń polówó.

Ohùn ló ń tú àṣírí jù. Fífa ohùn sísàlẹ̀ ṣeé fà padà. Àwa Yorùbá tún ní tiwa: bí ẹni náà bá ń sọ Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà, bẹ́ ẹ ṣe wù kẹ́ ẹ fa ohùn rẹ̀ tó, ará ilé rẹ̀ á dá a mọ̀ ní gbólóhùn kejì. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹlòmíì kà á ní Yorùbá àjùmọ̀lò, kí ẹ sì kọ ọ́ sójú fídíò pé ohùn ẹlòmíì ni. Ohùn gidi á wà nínú dísìkì tí ọ̀rọ̀ ìwọlé tì pa, èèyàn méjì péré ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi han ẹni tó sọ̀rọ̀ náà. Òun ló mọ ohun tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ máa fi dá a mọ̀.

Ògbufọ̀_Ọ̀yọ́
Ọ̀rọ̀ Àǹtí Adétutù rán mi létí ìtumọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń fún ẹni tó bá kọ́kọ́ ráyè. Nínú ohùn bòńkẹ́lẹ́ tí kò ja geere, àmì ohùn lè sọnù, ẹ̀sùn á yí padà. "Ó gbà á" àti "Ó gbá a": ọ̀kan ni kí èèyàn gba owó, èkejì ni kí ó gbá ẹnì kan létí. Ẹ fún ògbufọ̀ méjì tí wọn ò rí iṣẹ́ ara wọn. Níbi tí wọn ò bá ti fẹnu kò, ọ̀rọ̀ yẹn ò gbọ́dọ̀ wọ fíìmù.

Èyí tó tún léwu jù bẹ́ẹ̀ ni "wọ́n". Obìnrin kan sọ pé, "Wọ́n ní kí n mú ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún wá." Ògbufọ̀ kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé àwọn èèyàn púpọ̀ ló béèrè. Ọ̀gá kan ṣoṣo ni, ọ̀wọ̀ ló ń bù fún un. Tàbí kó jẹ́ òdìkejì: èèyàn mẹ́ta ni, ẹ wá fi ẹ̀sùn kan ẹnì kan. Lójú ibẹ̀ gan-an ni kí akọ̀ròyìn ti béèrè pé, "Ta ni wọ́n yẹn, màmá? Ẹnì kan ni àbí ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ dárúkọ wọn." Bí kámẹ́rà bá ti kúrò níbẹ̀, kò sí bí ògbufọ̀ ṣe máa tún un ṣe.

Adékọ́yà_Ògbà
Háà, ti "wọ́n" yìí, mi ò rò ó débẹ̀ rí. Ẹ ṣeun gan-an. Lọ́yà wa, kí ló kù kí fíìmù tó jáde?

Lọ́yà_Abẹ́òkúta
Ẹ̀tọ́ ìfèsì. Lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ máa fi ẹ̀sùn kàn, ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye. "A fẹ́ gbọ́ ẹnu yín lórí iṣẹ́ yín" kò tó. Ọjọ́ iṣẹ́ 7 sí 10 ni ó bójú mu fún ẹ̀sùn tó wúwo. Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́nà méjì ó kéré tán, kí ẹ pa ìwé ìgbà-á mọ́. Bí wọ́n bá dáhùn, kí ìdáhùn wọn wà nínú fíìmù níbi tí ẹ̀sùn náà wà, kì í ṣe kí ẹ fi sáré kọjá ní ìparí. Kí ẹ má fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ kí àwọn ẹlẹ́rìí yín tó wà níbi ààbò: ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé ọwọ́ wọn ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rí inú ẹ̀rọ: Òfin Ẹ̀rí 2011, abala 84, béèrè ìwé ẹ̀rí lórí ẹ̀rọ tó gbà á sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ, ẹni tó lò ó, ọjọ́, àti hash SHA-256 ti fáìlì (àmì ìdánimọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò, tó máa yí padà bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan fáìlì náà) láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìlà kan péré nínú ìwé àkọsílẹ̀ ni, àmọ́ lẹ́yìn ọdún méjì kò ní ṣeé ṣe mọ́.

Ní ti òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, abala 24 ti òfin 2015 ni wọ́n fi ń mú akọ̀ròyìn jù. Ilé ẹjọ́ ECOWAS ní 2022 pàṣẹ kí Nàìjíríà tún un ṣe. Àtúnṣe 2024 dín in kù sí irọ́ tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ gbé jáde láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí sínú ewu, àti àwòrán ìhòòhò. Wọ́n ṣì ń lò ó. Tábìlì òpó márùn-ún tí àǹtí sọ ni ìdáàbòbò yín, torí ó ń fi hàn pé ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ní ti NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣàn ní Nàìjíríà, wọ́n bu 5 mílíọ̀nù náírà lé Trust TV lórí ní 2022 nítorí fíìmù lórí àwọn agbébọn. Ní oṣù Karùn-ún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá sọ pé NBC kì í ṣe ilé ẹjọ́, kò láṣẹ láti bu owó ìtanràn léni.

Ìyá_Ìbejì_Ṣómólú
Ẹ kú làákàyè gbogbo yín. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó kan òbí: báwo ni wọ́n ṣe ń jẹun nídìí ẹ̀? Kí ni ọmọ máa kọ́?

Àjíkẹ́_Olóòtú
Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò sí ẹni tí wọ́n ń gbà sí ipò yìí láti ilé-ẹ̀kọ́. Ọdún díẹ̀ nídìí ìròyìn ojoojúmọ́ ló ń ṣáájú: ilé ẹjọ́, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àgọ́ ọlọ́pàá. Ìdí ilé ẹjọ́ ló dára jù, torí ibẹ̀ lèèyàn ti ń kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé ẹ̀sùn àti ìwé ìbúra. Kó kọ́ bí a ṣe ń lo kámẹ́rà àti bí a ṣe ń to fídíò fúnra rẹ̀, torí tẹlifíṣàn wa kì í ní èèyàn tó tó. Kó kọ́ ìṣirò orí spreadsheet, ìyẹn tábìlì orí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó mọ ìyẹn nínú yàrá ìròyìn kò pọ̀.

Owó oṣù kéré, iléeṣẹ́ míì sì ń jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù. Iṣẹ́ oníwàdìí gan-an sábà máa ń jẹ́ owó àtìlẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ àwọn àjọ tó ń ti iṣẹ́ ìròyìn lẹ́yìn: Wole Soyinka Centre for Investigative Journalism tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, CJID, ICIR, Pulitzer Center. Ojú ewé kan ni wọ́n ń fẹ́: kí ni tuntun níbẹ̀, ẹ̀rí wo ló ti wà lọ́wọ́, àwòrán wo lẹ lè rí yà, ewu wo ló wà, èló. Èyí tó ń ba púpọ̀ jẹ́ ni kí wọ́n kọ àkọlé ("ìwà ìbàjẹ́ nínú ètò ìlera") dípò ìròyìn. Kí wọ́n rántí ìnáwó tí kì í hàn: lọ́yà, ògbufọ̀, ọkọ̀ kejì, ilé tí ẹlẹ́rìí máa sá sí. Ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè-owó kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọmọ tó bá ń gba ẹ̀gúnjẹ níbi ìpàdé oníròyìn kò ní lè ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn tó ń fún un ń kọ orúkọ sílẹ̀, ọjọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú ìbéèrè ni wọ́n máa yọ ìwé náà.

Iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe, ó sì ń so èso. Fíìmù Ruona Meyer lórí oògùn ikọ́ oníkódéìnì jáde lópin oṣù Kẹrin 2018. Kò tó ọjọ́ méjì, ìjọba àpapọ̀ fòfin de gbígbé oògùn náà wọlé àti ṣíṣe é.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Ẹ̀kọ́
Mo ti gbọ́, àǹtí, mo sì gbà. Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn: ààbò akọ̀ròyìn fúnra rẹ̀ ń kọ́? Anas, akọ̀ròyìn oníwàdìí ní Gánà, ń fi ìlẹ̀kẹ̀ bo ojú, síbẹ̀ wọ́n yìnbọn pa Ahmed Hussein-Suale, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ní Accra, oṣù Kíní 2019.

Túndé_Kámẹ́rà
Kí ó tó kú, olóṣèlú kan ti fi fọ́tò rẹ̀ hàn lórí tẹlifíṣàn, ó ní kí wọ́n lù ú. Torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́tò. Ẹni tó máa ṣiṣẹ́ ìpàrada kò gbọ́dọ̀ ní àwòrán ojú rẹ̀ lórí Facebook tirẹ̀, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Ẹ wá orúkọ àti fọ́tò rẹ̀ lórí Google kí ẹ tó rán an, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ iṣẹ́, ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì tí kò ní iṣẹ́ míì ju kó máa wo aago. Atẹ̀jíṣẹ́ kan ní gbogbo ìdajì wákàtí, ọ̀rọ̀ tí kò mú ìfura dání: "Ìyá ti jẹun." Bí ìdajì wákàtí bá kọjá pẹ̀lú ìṣẹ́jú 15, ó pe ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lẹ́yìn ilé, bó bá di ìṣẹ́jú 30, ó pe lọ́yà. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn sórí bébà, torí fóònù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà. Fóònù tó bá sì lọ síbẹ̀, kí ó jẹ́ èyí tí kò ní orúkọ ẹlẹ́rìí kankan nínú, kí WhatsApp àtijọ́ má wà níbẹ̀, kí ó máa fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ṣí, kì í ṣe ìka ọwọ́: wọ́n lè fipá fi ìka èèyàn ṣí fóònù.

Adétutù_Àtúnṣe
Àfikún kan: orúkọ fáìlì. Ẹ má ṣe pe fáìlì ní orúkọ ẹlẹ́rìí rárá. Ẹ fi nọ́ńbà pè é, kí ìwé tó túmọ̀ nọ́ńbà náà wà lọ́wọ́ olóòtú, lórí bébà, nínú àpótí tó tì.